Ìwé Mẹ́ta Láti Yàrá Kẹrin

Wáyà ni ọ̀gá mi kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Kò wo ògiri tó wó, kò wo àwọn aṣọ ibùsùn tó jóná sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì tó bẹ́, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó gbé e padà sójú.

"Sájẹ́ńtì, kí lẹ rí?"

"Wáyà, mà. Èyí tí màmá yẹn fi dí imú táǹkì."

Imú ni àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń pe ihò kékeré tó wà lórí táǹkì, tí ooru máa ń gbà jáde bó bá ti pọ̀ jù nínú. Bí imú bá dí, táǹkì ò rí ibi mí. Táǹkì Yàrá Kẹrin bẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó pa èèyàn mẹ́rin. Ọjọ́ Ẹtì la wà yìí. Màmá tó jẹ́ olórí yàrá náà ti wà ní àtìmọ́lé wa láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago méjì ọ̀sán òní sì ni wọ́n máa gbé e lọ sí kóòtù, ẹ̀sùn ìpànìyàn. Ọ̀gá tẹ́ṣàn ti buwọ́ lù ú. Ó ní ká kàn lọ ya fọ́tò wáyà náà ká máa bọ̀.

"Ìgbà wo ló fi dí i?" ọ̀gá mi bi mí.

"Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn náà ni, mà. Ó wà nínú fáìlì."

Ó fi èékánná họ wáyà náà. Èépá dúdú kan ṣí kúrò lára rẹ̀, òmíràn wà lábẹ́ rẹ̀, òmíràn tún wà lábẹ́ ìyẹn. Òwú ara aṣọ ni. Tí wọ́n bá ń lọ aṣọ, òwú a máa fò kiri, a bà lé ohun gbígbóná, a jóná mọ́ ọn lára.

"Òwú tó jóná lé ara wọn tó báyìí, ṣé ti wákàtí kan ni àbí ti oṣù mélòó kan?"

Mo gbé kámẹ́rà sókè, mo ya fọ́tò wáyà náà.

"Kò tíì yé mi," ó ní.

Orúkọ tá a ń pè é lẹ́yìn ní tẹ́ṣàn nìyẹn, Kò-tíì-yé-mi. Tó bá ti sọ ọ́ báyìí, ẹ gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo ti lò nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá, mo ti fi mẹ́fà nínú rẹ̀ wa obìnrin yìí kiri. Mo jù ú lọ́jọ́ orí, ó jù mí lọ́wọ́ iṣẹ́, a sì jọ ń bọ̀wọ̀ fún ara wa. Àmọ́ ohun tí kò bá tíì yé e kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn sinmi.

*

Kì í ṣe wáyà ni ẹ̀rí tó lágbára jù nínú fáìlì. Ìwé ìṣirò kan ni. Ilé iṣẹ́ alágbàfọ̀ ńlá ni ibẹ̀, aṣọ ibùsùn ilé ìwòsàn àti ti òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń fọ̀. Yàrá mẹ́wàá ni wọ́n ní, kálukú pẹ̀lú táǹkì tirẹ̀ àti òṣìṣẹ́ bí ọgbọ̀n. Wọ́n ní ọkùnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó máa ka nǹkan, kó máa ṣírò wọn. Oníṣirò ni gbogbo ilé ń pè é. Òun ló kọ ọ́ sílẹ̀ pé Yàrá Kẹrin ló láàbò jù nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, pé táǹkì ibẹ̀ ò lè bẹ́ fúnra rẹ̀ àfi tí èèyàn bá fọwọ́ fà á.

Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin tó kú ni ọmọ rẹ̀ obìnrin, àbíkẹ́yìn rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún.

Ọ́fíìsì la ti bá a. Èmi rò pé ilé ló yẹ kó wà. Ó ti de bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lódì, apá kan gùn ju apá kejì lọ, kò sì sí ẹni tó lè sọ fún un.

"Ẹ kú ìrọ́jú, sà," ọ̀gá mi wí.

"Ẹ ṣé. Ṣé ẹ ti gbé e lọ sí kóòtù?"

"Ó di aago méjì. Ìṣirò yín ni mo bá wá, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé ẹ̀ fún mi bí ẹni ń bá ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi sọ̀rọ̀."

Ó fẹ́ràn kí wọ́n bi í, ó hàn. Ojú rẹ̀ là díẹ̀. "Mo pín ìwé ìbéèrè fún àwọn òṣìṣẹ́. Láti oókan dé ẹẹ́wàá, báwo ni yàrá yín ṣe láàbò tó? Igba èèyàn ó lé mẹ́ta ló kọ ọ́. Mo ro ti yàrá kọ̀ọ̀kan pọ̀, mo pín in dọ́gba, iye tó bá bọ́ síbẹ̀ ni máàkì yàrá náà. Mo wá wo iye ìgbà tí táǹkì kálukú ti bàjẹ́ láti ọdún mẹ́ta. Yàrá tí máàkì ẹ̀ bá ga, táǹkì ẹ̀ kì í sábà bàjẹ́. Igba ẹ̀rí ó lé mẹ́ta ló sọ bẹ́ẹ̀, mà."

"Igba ó lé mẹ́ta."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Táǹkì mélòó lẹ ní?"

"Mẹ́wàá."

"Táǹkì mẹ́wàá ló ń bàjẹ́. Níbo lẹ ti rí igba ẹ̀rí?"

Ó yí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí wa. Ó ti kọ ìtàn táǹkì yàrá kálukú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ẹni tó wá láti yàrá náà. Èèyàn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló kọ̀wé ní Yàrá Kẹsàn-án, torí náà ìtàn táǹkì kan ṣoṣo wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrìndínlọ́gbọ̀n.

"Tí olè bá wọ ilé kan," ọ̀gá mi wí, "tí ogún èèyàn tó ń gbé inú ilé náà sì wá sọ fún mi, ṣé olè ogún ilé ni kí n kọ sínú ìwé mi?"

Ọkùnrin náà tún wo ojú kọ̀ǹpútà.

"Ẹ̀rí mẹ́wàá lẹ ní, sà. Mẹ́wàá kéré láti fi sọ pé nǹkan ò lè ṣẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n rí ìwé Yàrá Kẹrin."

Ó ṣí dúrọ́ọ̀. Ìwé Yàrá Kẹsàn-án nípọn, rọ́bà ni wọ́n fi dì í. Ti Yàrá Kẹrin, mẹ́ta péré ni. Mẹ́sàn-án, mẹ́sàn-án, mẹ́sàn-án.

"Èèyàn mélòó ló wà ní yàrá náà?"

"Mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Àwọn yòókù ò kọ ọ́. Àwọn kan kì í fẹ́ kọ̀wé, mà."

"Níbo lẹ ti pín in?"

"Yàrá ìjẹun. Aago méjìlá sí aago kan. Gbogbo èèyàn ló ń jẹun."

Ọ̀gá mi wo ìwé mẹ́ta náà pẹ́. "Kò tíì yé mi," ó tún wí.

Nínú mọ́tò, sùúrù mi tán. Èmi àti ìṣirò ò mọ ara wa rí, ebi sì ń pa mí. "Mà, a bá sìpánà nínú báàgì màmá yẹn. Akọ̀wé máníjà gbọ́ tó ń pariwo mọ́ máníjà ní ọ́fíìsì ẹ̀, kò pẹ́ sígbà yẹn ni táǹkì bẹ́. Ó bínú, ó dí imú táǹkì. Kí la tún ń wá?"

"Kí ló ń pariwo ẹ̀?"

"Kò sí nínú fáìlì, mà."

"Ìyẹn ni pé ẹnikẹ́ni ò bi í."

Mo wa mọ́tò lọ ní tèmi.

*

Ọwọ́ méjèèjì Màmá Yàrá Kẹrin ni wọ́n fi báńdéèjì wé. Ó tó ẹni ọgọ́ta ọdún. Ọwọ́ yẹn ló fi fa èèyàn méje jáde nínú ooru, ìyẹn náà wà nínú fáìlì, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kà á sí. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń sọ fún wa: ẹ jẹ́ kí wọ́n máa mú mi lọ.

Ọ̀gá mi jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì. "Màmá, ẹ kú ìrọ́jú. Ìbéèrè kékeré kan ni mo ní. Aago mélòó lẹ máa ń lọ jẹun ọ̀sán ní yàrá yín?"

Ó gbé orí sókè. Mo rò pé kò retí ìyẹn.

"A kì í lọ," ó ní.

"Kí ló dé?"

"Táǹkì ò jẹ́ ká lọ."

Ọ̀gá mi dákẹ́. Ó mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn dákẹ́, èmi ò mọ̀ ọ́n.

"Imú ẹ̀ ti ń jò láti ọdún tó kọjá," màmá náà wí. "Ooru ń bá ibẹ̀ lọ, áyọ́ọ̀nù ń tutù, iṣẹ́ ń pẹ́. Mo sọ fún máníjà lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní tuntun ń bọ̀. A dúró, a dúró. Nígbà tó sú wa, a fi wáyà so ó. Gbogbo wa la jọ so ó, ọmọ mi. Àmọ́ táǹkì tẹ́ ẹ bá so imú ẹ̀, ẹ ò lè fi í sílẹ̀. Áyọ́ọ̀nù gbọ́dọ̀ máa lo ooru yẹn ṣáá. Ní wákàtí méjì-méjì, èmi á fi sìpánà tú u díẹ̀, á mí, màá tún un so. Ìdúró la fi ń jẹun."

"Gbogbo yín?"

"Àfi àwọn mẹ́ta tó ń ká aṣọ ní fàráńdà. Wọn kì í sún mọ́ táǹkì. Àwọn ló ń ráyè lọ jẹun."

Mo wo ọ̀gá mi, kò wò mí. Ohun tó fẹ́ pa wọ́n gan-an ni kò jẹ́ kí wọ́n ráyè lọ sọ pé ó fẹ́ pa wọ́n. Àwọn mẹ́ta tí kò mọ nǹkan kan ló ráyè kọ̀wé.

"Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ńkọ́, Màmá?"

"Máníjà ránṣẹ́ pè mí. Ó ní yàrá mi ló gbapò kìíní nínú ìwé ààbò, wọ́n fẹ́ ya fọ́tò mi. Mo ní ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ní kí n dúró de oní-fọ́tò. Mo dúró títí. Aago tí mo fi ń tú imú kọjá. Mo wá pariwo, mo ní ẹ jẹ́ kí n lọ, ẹ jẹ́ kí n lọ. Báàgì mi wà léjìká mi, sìpánà wà nínú ẹ̀."

"Kí lẹ ò ṣe sọ fún un pé imú wà ní síso?"

"Gbogbo wa ni wọ́n máa lé. Èèyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n." Ó wo báńdéèjì ọwọ́ rẹ̀. "Mo ti ń sáré bọ̀ ní kọ́ríídọ̀ nígbà tí mo gbọ́ ìró ẹ̀."

"Ẹ ò sì sọ èyí fún wa láti ọjọ́ yìí."

"Kí ni mo fẹ́ fi ẹnu mi sọ? Èèyàn mẹ́rin ti lọ. Ọmọ Oníṣirò yẹn, ọjọ́ mẹ́jọ péré ló lò lọ́dọ̀ wa."

Ọ̀gá mi ti fẹ́ dìde. Ó padà jókòó. "Ọjọ́ mẹ́jọ? Níbo ló ti wá?"

"Yàrá Kẹsàn-án."

*

Máníjà ilé alágbàfọ̀ ní òun ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ó ní imú tuntun dé lóòótọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹyọ kan ṣoṣo, òun sì gbé e fún Yàrá Kejì tó gbẹ̀yìn nínú ìwé Oníṣirò. "Ìwé ni mo tẹ̀ lé," ó ní. "Ta ló máa gbé imú tuntun fún yàrá tó gbapò kìíní?"

"Ẹ máa bọ̀ ní tẹ́ṣàn lọ́sàn-án yìí," ọ̀gá mi sọ fún un. "Ẹ mú ẹnu yẹn dání bẹ́ ẹ bá ń bọ̀."

Akọ̀wé rẹ̀ gbé ìwé tí wọ́n fi ń pààrọ̀ òṣìṣẹ́ láti yàrá sí yàrá fún wa. Ọ̀gá mi fi ìka tọ ìlà títí ó fi dé orí orúkọ ọmọ náà. Láti Yàrá Kẹsàn-án sí Yàrá Kẹrin. Níbi tó yẹ kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sí, wọ́n kọ ọ́ pé bàbá rẹ̀ ló béèrè fún un. Bàbá náà buwọ́ lù ú nísàlẹ̀, ọwọ́ ìkọ̀wé tó mọ́ tónítóní, bíi ti orí ìwé ìṣirò.

Ọ̀gá mi pa ìwé náà dé. Mo ti rí i níwájú òkú tí kò mira. Lọ́tẹ̀ yìí, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn.

"Ó ti yé mi báyìí, Sájẹ́ńtì," ó ní. Ó wù mí kó má yé e.

"Ẹ má sọ fún bàbá ọmọ náà, mà. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ọ̀rọ̀ wáyà yẹn ti tó."

"Kò tó. Ọ̀gá tẹ́ṣàn ní ìwé ìṣirò kan lọ́wọ́ tó sọ pé táǹkì ò lè bẹ́ fúnra ẹ̀. Májísíréètì máa gba ìwé gbọ́ ju òwú tó jóná lọ. Ẹni tó kọ ọ́ ló lè fagi lé e." Ó wo aago. Ó ti di aago méjìlá ààbọ̀.

*

Kò fi nǹkan kan pa mọ́ fún ọkùnrin náà. Ó sọ ti imú tó ń jò, ti wáyà, ti àwọn tó ń fi ìdúró jẹun. Kò tíì sọ ọ́ tán tó ti yé Oníṣirò. Ọlọ́gbọ́n ni, ìyẹn ló burú níbẹ̀.

"Àwọn tó ń ká aṣọ," ó ní. "Àwọn tó ń ká aṣọ nìkan ni mo bi."

"Sà, tí aládùúgbò mẹ́ta bá sọ fún mi pé èèyàn kan dára, tí mi ò rí ẹlòmíràn bi, màá gba díẹ̀ gbọ́. Ní ti èyí tó kù, ojú tí mo fi ń wo gbogbo èèyàn ni màá fi wò ó títí n ó fi gbọ́ sí i. Ṣé ìṣirò kì í ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀." Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Yàrá tí ìwé ẹ̀ bá kéré, a máa ń fa máàkì ẹ̀ padà sí àárín ti gbogbo ilé. Mo mọ̀ ọ́n, mà. Wọ́n kọ́ mi, mo yege nínú ẹ̀. Máníjà ní òun fẹ́ ẹ ní ọjọ́ Ajé. Mo wo mẹ́sàn-án, mẹ́sàn-án, mẹ́sàn-án, mo ní kí ló tún kù."

"Ẹ ṣe é fún mi báyìí."

Ó yí ìwé kan sí ẹ̀yìn, ó mú bírò. Ó ń sọ ọ́ jáde bó ṣe ń kọ ọ́, bí olùkọ́. "Àárín gbogbo ilé, mẹ́fà ààbọ̀. Yàrá Kẹrin, ìwé mẹ́ta, ìdá kan nínú mẹ́rin lèèyàn lè gbà gbọ́ nínú ohun tí wọ́n sọ. Ó bọ́ láti mẹ́sàn-án sí méje àti ìdá kan nínú mẹ́jọ. Yàrá Kẹsàn-án, ìwé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Méje ààbọ̀ ni tẹ́lẹ̀, ó di méje àti ìdá kan nínú mẹ́rin."

Bírò dúró.

"Yàrá Kẹsàn-án ló gbapò kìíní," ó ní.

Mo kọjú sí fèrèsé. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí, obìnrin ni méjì nínú wọn.

"Bẹ́ẹ̀ sì rèé, èyí tí mo ṣe yìí, bí ẹni pé a kàn ṣèèṣì mú èèyàn mẹ́ta láàárín wọn ni. A ò ṣèèṣì mú wọn. Kò sí ìṣirò tó lè tún ìyẹn ṣe, àfi kí n rìn dé ẹnu ọ̀nà wọn kí n bi wọ́n. Kò ju ogójì ìṣísẹ̀ lọ láti ibí." Ó gbé bírò sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ọdún méjì ni ọmọ mi ti wà ní Yàrá Kẹsàn-án. Kò fẹ́ kúrò. Ó ní àwọn ọ̀rẹ́ òun wà níbẹ̀. Mo ní ìwọ ṣáà gbọ́ tèmi, mo ti ṣírò ẹ̀."

Ó sunkún díẹ̀, kò sunkún púpọ̀. Lẹ́yìn náà ló fa ìwé tuntun, ó kọ ọ́ pé òun fagi lé ìwé òun àkọ́kọ́, pé òun ò mọ bí Yàrá Kẹrin ṣe rí nítorí òun ò bi àwọn tó mọ̀ ọ́n, pé kò sí ohun kan nínú ìṣirò òun tó tako màmá náà. Ó buwọ́ lù ú. Ó ní òun máa tẹ̀ lé wa.

*

Ọ̀gá tẹ́ṣàn ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó pòṣé, ó ní kí wọ́n lọ mú máníjà wá kí wọ́n sì ṣílẹ̀kùn fún màmá. Aago kan ààbọ̀ ti kọjá.

Nígbà tí màmá yọ ní kọ́ríídọ̀, Oníṣirò dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí símẹ́ǹtì. Ọkùnrin tó ju ẹni àádọ́ta ọdún lọ.

"Ẹ dìde," màmá náà wí. "Ẹ má dọ̀bálẹ̀ fún mi. Ẹ̀bi tèmi náà ń bẹ níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọmọ yín dé, mo bi í pé kí ló gbé e wá sọ́dọ̀ wa. Ó ní bàbá òun ti ṣírò gbogbo ilé, pé ọ̀dọ̀ wa ló dáa jù. Mo rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé imú wà ní síso, mo rẹ́rìn-ín, mo ní kó lọ gbé áyọ́ọ̀nù."

Ọkùnrin náà dìde jókòó, kò dìde dúró. "Màmá, ẹ̀rù ò bà á níbẹ̀?"

Mo rò pé Màmá ń wá irọ́ kan tó lè pa, kò sì rí i.

"Bí táǹkì bá ti ń dún, gbogbo wa la máa ń sún sẹ́yìn," ó ní. "Òun kì í sún. A á pè é, á ní kò lè ṣe nǹkan kan. Ó gbà yín gbọ́."

Ọ̀gá mi fà mí lápá, ó ní kí n lọ gbé mọ́tò wá, kí n gbé bàbá náà délé. Mo bẹ̀rẹ̀ tì í, mo bi í pé apá ibo ni ilé wọn wà. Ó wò mí, ó ronú, ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n fún òun ní ìṣẹ́jú kan, òun ò fẹ́ sọ ohun tí kò bá dá òun lójú mọ́.